Ọ̀nà Epo Nínú Katakata: Bí A Ṣe Lè Wá Ìdí Àìṣiṣẹ́ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá jẹ mọ́ ẹ̀rọ tí ń bá wa tú ilẹ̀, èyí tí a ń pè ní katakata. Kì í ṣe gbogbo ara rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọ̀nà tí epo dísẹ̀lì ń gbà láti inú táńkì dé inú ẹ́ńjìnnì nìkan ni. Ohun tí mo fẹ́ kí ó yé wa ni pé bí epo bá mú kí katakata kọ iṣẹ́, ìdọ̀tí, omi tàbí afẹ́fẹ́ ni ó sábà máa ń fà á. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kì í sì wọlé láti ìdí pọ́ǹpù ńlá tí owó àtúnṣe rẹ̀ ga. Nítorí náà, láti táńkì ni ìwádìí ti ní láti bẹ̀rẹ̀.

Mo yan Ọ̀tà, ìlú àwọn Àwórì, fún àpẹẹrẹ, nítorí pé oko àti ilé-iṣẹ́ pàdé níbẹ̀. Ní Sàngó ni ọ̀nà Ìdí-Ìrókò ti yà kúrò lára ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta. Àwọn ilé-iṣẹ́ ibẹ̀ ń lo jẹnẹrétọ̀ dísẹ̀lì. Ọ̀tà kan náà ni Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ lọ dáko sí nígbà tí ó gbé ìjọba sílẹ̀ ní 1979. Àìsàn epo jẹnẹrétọ̀ kò yàtọ̀ sí ti katakata. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ lè ní jẹnẹrétọ̀ mìíràn ní ìpamọ́. Àgbẹ̀ tí katakata rẹ̀ dákẹ́ nígbà òjò àkọ́rọ̀ kò lè bẹ òjò pé kí ó dúró de òun.

Rudolf Diesel, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó ṣe irú ẹ́ńjìnnì yìí. Ní 1897 ni èyí tí ó yege hàn ní ìlú Augsburg. Kò ní púlọ́ọ̀gì tí ń tanná. Písítìnì ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí ooru rẹ̀ yóò fi ju 500 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí nọ́sù bá fọ́n epo sínú rẹ̀ bí ìrì, epo yóò gbiná fúnra rẹ̀. Kí epo tó dé ibẹ̀, yóò ti táńkì kọjá nínú ife kékeré tí omi àti ìdọ̀tí ń rọ̀ sí, pọ́ǹpù kékeré tí ń gbé epo, àti fílítà, kí ó tó dé pọ́ǹpù ńlá tí ń pín in fún nọ́sù kọ̀ọ̀kan. Epo yìí kan náà ni ó ń mú inú pọ́ǹpù ńlá dán bí ọ́ìlì. Ìdí nìyí tí omi, tàbí kẹrosíìnì tí a lú mọ́ epo, fi ń bà á jẹ́.

Kí a kọ́kọ́ wo èéfín. Bí a bá ń yí ẹ́ńjìnnì tí èéfín kankan kò jáde, epo kò dé inú rẹ̀. Bí èéfín funfun bá ń jáde tí kò sì jí, epo ń dé ibẹ̀ ṣùgbọ́n kò gbiná. Bí ó bá dúdú, epo pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Kí a wo fílítà afẹ́fẹ́ kí a tó dá nọ́sù lẹ́bi. Bí ó bá ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ni ó ń jóná.

Àwọn àgbà ní ibi pẹlẹbẹ ni a ti í mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Èkíní, táńkì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí ó tó kú, kí a tú ìdérí táńkì. Bí ó bá sàn lẹ́yìn èyí, ihò kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú táńkì ni ó dí. Èkejì, kí a da ohun tí ó wà nínú ife kékeré sínú ìgò. Omi wúwo ju epo lọ, yóò sì rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ẹ̀kẹta, fílítà. Bí katakata bá ń dún dáadáa lórí ìdúró, ṣùgbọ́n tí agbára rẹ̀ ń tán nígbà tí irin ìtúlẹ̀ bá wọlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí fílítà ti dí. Kí a pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí a fún gbogbo ìdè páìpù le, nítorí ibi tí ń fa afẹ́fẹ́ wọlé lè má jo epo síta.

Lẹ́yìn èyí, kí a lé afẹ́fẹ́ jáde. A óò nu orí fílítà, a óò dẹ bóòtù kékeré orí rẹ̀, a óò sì máa fi ọwọ́ tẹ apá pọ́ǹpù kékeré títí epo yóò fi jáde láìsí ìfóòfó. A óò dè é, a óò sì ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ní ìdí pọ́ǹpù ńlá. Ìgbẹ̀yìn ni a óò dẹ nọ́ọ̀tì páìpù ìdí nọ́sù, tí a óò yí ẹ́ńjìnnì títí epo yóò fi yọ níbẹ̀, kí a tó dè é padà.

Mo mọ àgbẹ̀ kan lẹ́bàá ọ̀nà Ìdí-Ìrókò tí wọ́n tú pọ́ǹpù ńlá katakata rẹ̀ lọ fún àtúnṣe. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ó fi dúró, òjò sì ń rọ̀. Nígbà tí pọ́ǹpù dé, àìsàn náà kò lọ: wáṣà kan lábẹ́ bóòtù fílítà ni ó fọ́. Owó wáṣà kò tó owó ọkọ̀ tí ó wọ̀ lọ sí Sàngó.

Ìkìlọ̀ kan wà tí n kò gbọ́dọ̀ fò. Ipá tí ń ṣí nọ́sù katakata àtijọ́ lè ju ìlọ́po 150 ipá afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká. Epo tí ń fọ́n bẹ́ẹ̀ lè gún awọ ara wọlé, kí ojú rẹ̀ sì dà bí ibi tí abẹ́rẹ́ gún. Ẹni tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí kò gbọdọ̀ dúró de ìrora. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, nítorí ó lè pàdánù ìka tàbí ọwọ́. Páálí ni kí a fi wá ibi tí epo ti ń jo, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́. Ní ti katakata ìgbàlódé tí kọ̀ǹpútà ń darí epo rẹ̀, a kò gbọdọ̀ tú páìpù nọ́sù rẹ̀ rárá nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́.

Òkèèrè ni olójú jíjìn ti í mẹ́kún sun. Kí a jẹ́ kí epo inú dúrọ́ọ̀mù silẹ̀ fún ọjọ́ kan kí a tó fà á, kí a má sì fà á láti ìsàlẹ̀. Kí a kún táńkì ní ìrọ̀lẹ́, kí ìrì òru má baà di omi nínú rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó bá ń ṣe èyí, tí ó sì ní sípánà méjì, fílítà kan àti wáṣà díẹ̀ nílé, yóò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ wo ọ̀pọ̀ àìsàn katakata rẹ̀ sàn kí òjò tó dá.