Ajá Tó Ń Fò Mọ́ Àlejò

Ọ̀rọ̀ oṣù yìí kì í ṣe ti ẹ̀yáwó, kì í sì í ṣe ti èrè ọdún. Ọ̀rọ̀ ajá ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tó ń ta ẹja yíyan gbéra láti Ẹ̀pẹ́, ó gba Ìtọ́ìkín wá sí ilé mi ní Ìkòròdú láti wá fọwọ́ sí ìwé ẹ̀yáwó rẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ ẹja wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo ṣe ṣí géètì báyìí, ajá mi fò mọ́ ọn láyà. Kò bù ú jẹ o, inú rẹ̀ ló dùn. Ṣùgbọ́n ẹja dà sínú ẹrẹ̀, ìró funfun di aláàbàwọ́n, ìyá sì ní kí n máa gbé ìwé náà bọ̀ lọ́jà. Inú owó àjẹṣẹ́kù mi ni mo ti san owó ẹja. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí.

Oníbàárà tí ajá bá dẹ́rù bà lẹ́ẹ̀kan, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni yóò ti ra ọjà lọ́la. Ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ wa tó jẹ́ Mùsùlùmí ni kì í fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tí wọ́n fẹ́ fi kírun. Àgbàlagbà tí ajá bá sì tì ṣubú, eegun lè ṣẹ́.

Kí ló dé tí ajá fi ń ṣe bẹ́ẹ̀? Èrè ló ń wá, bíi tiwa. Nígbà tó wà lọ́mọ, ó fò, a rẹ́rìn-ín, a gbé e mọ́ra. Ó dàgbà tán, ó fò, a pariwo, a fi ọwọ́ tì í. Lójú tiwa, ìbáwí ni. Lójú ajá, eré ni: a ti dá a lóhùn, a ti sanwó fún un. Ọjà tí à ń sanwó fún ni yóò sì máa gbé wá.

Nítorí náà, ẹ dá owó dúró. Bó bá fò, ẹ dákẹ́, ẹ ká apá, ẹ kẹ̀yìn sí i. Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá wà nílẹ̀ ni kí ẹ tó kí i. Mo kìlọ̀ o: ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, yóò fò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ọlọ́jà mọ èyí. Oníbàárà tí ẹ ti ń fún ní ẹ̀ní láti ọjọ́ pípẹ́, tí ẹ bá dá ẹ̀ní dúró, ṣé kò ní í kọ́kọ́ pariwo ni? Bí ẹ bá wá fún un nítorí ariwo, ó ti mọ̀ pé ariwo ló ń mú ẹ̀ní wá. Gbogbo ilé gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan. Ọmọ kan ṣoṣo tó ń bá a ṣeré ìfò lẹ́yìnkùlé ló máa ba iṣẹ́ jẹ́. (Ní ilé tèmi, àbíkẹ́yìn ni.)

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́ ọ láti jókòó. Ẹ mú ẹja wẹ́wẹ́ tí ẹ ti yọ eegun rẹ̀, ẹ gbé e sókè imú rẹ̀, ẹ máa gbé e lọ sí ìhà ẹ̀yìn orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí orí bá ń lọ sókè, ìdí á máa bọ̀ nílẹ̀. Bí ìdí bá ti kanlẹ̀, ẹ sọ pé "Jókòó", ẹ fún un. Ìṣẹ́jú 5, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, ó tó. Ọ̀rọ̀ kan náà ni kí gbogbo ilé máa lò. Bàbá ń sọ "Sit", ìyá ń sọ "Jókòó", àwọn ọmọ ń pariwo "Sidón", èwo ni kí ajá gbọ́? Kò sì pọn dandan kó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa kò sọ Gẹ̀ẹ́sì fún ajá tiwọn.

Ọ̀rọ̀ géètì ló le jù. Ọ̀mọ̀wé ará Rọ́ṣíà kan, Ivan Pavlov, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904, ṣàkíyèsí pé ajá á ti máa da itọ́ kí oúnjẹ tó dé rárá, bó bá ti gbọ́ ìró tó máa ń ṣáájú oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kíkan géètì: ara ajá á ti gbóná kí àlejò tó wọlé. Ẹ rán ọmọ kan síta kó máa kàn án nígbà tí kò sí àlejò. Ẹ di okùn ajá mú, ẹ ní kó jókòó, ẹ fún un lẹ́ja. Ẹ tún un ṣe títí ìró náà kò fi ní í jẹ́ nǹkan kan létí rẹ̀ mọ́. Ìgbà náà ni kí ẹ tó lo aládùúgbò bí àlejò. Bí àlejò bá ní, "Ẹ fi sílẹ̀, mo fẹ́ràn ajá," ẹ bẹ̀ ẹ́ kó ṣe sùúrù títí ajá yóò fi jókòó. Ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀ látàárọ̀ kò lè fara balẹ̀. Ẹ mú un rìn jáde láàárọ̀ kùtùkùtù.

Ẹ má nà án níwájú àlejò. Ohun tí ajá máa rí ni pé àlejò dé, ẹgba dé. Lọ́jọ́ mìíràn, eyín ni yóò fi pàdé wọn. Èyí tó bá sì ń kùn, tó ki ìrù bọ abẹ́, ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ tì í mọ́lé kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn, kí ẹ sì rí dókítà ẹran.

Ẹ̀kọ́ kò rọ́pò abẹ́rẹ́ o. Ẹ máa gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún ajá yín lọ́dọọdún. Bí ajá bá bu èèyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, ẹ má fi epo tàbí ewé sí i, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bí dìgbòlugi bá ti fara hàn lára èèyàn, ikú ló máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Ó gbà mí tó oṣù méjì. Ìyá wa tún wá lẹ́yìn náà. Ajá jókòó, ó ń fi ìrù gbálẹ̀, ìyá jókòó, wọ́n fọwọ́ sí ìwé. Ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ ẹja wọn, ìta géètì ni wọ́n gbé e sí.