Ìyàwó Ilé Tí Ó Fẹ́ Di Olùkọ́ Ilé-Ìwé Girama

Ẹ̀yin ìyá ọmọ wa ní Ẹ̀pẹ́ àti agbègbè rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ti ọbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti aṣọ ọmọ. Ó kan ẹ̀yin tí ẹ ti jáde ilé-ìwé girama, tí ẹ ti wọ ilé ọkọ, tí ẹ ti bí ọmọ kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n tí ọkàn yín kò tíì kúrò nídìí ìwé. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó wu púpọ̀ nínú yín; ẹ̀rù pé ilé yóò dàrú ni kò jẹ́ kí ẹ dìde. Ilé kò níláti dàrú bí ẹ bá yanjú àwọn nǹkan kan kí ẹ tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù.

Nígbà kan rí, òkun ni obìnrin ń là kọjá nítorí irú ẹ̀kọ́ yìí. Kofoworola Moore, ọmọ Èkó, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Lédì Ademola, wà ní Yunifásítì Oxford títí di 1935. Òun ni obìnrin adúláwọ̀ àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tí ó gba oyè níbẹ̀. Nígbà tí ó padà dé, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó ṣe ní Queen's College, Èkó.

Ọ̀nà ti kúrú lónìí. Ní 1994 ni ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ ní Noforija, lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí ó yá, wọ́n fi orúkọ Michael Otedola pè é, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tí ó ṣe gómìnà láti 1992 sí 1993. Ní 2022, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì Adeniran Ogunsanya, wọ́n sì sọ méjèèjì di yunifásítì kan ṣoṣo, LASUED. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: Ìjànìkin, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, ni olú-ilé yunifásítì náà wà, ní òdìkejì Èkó pátápátá. Abiyamọ Ẹ̀pẹ́ kò lè máa lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́ kí ó sì máa padà wá gbé ìkòkò kaná. Ẹ kọ́kọ́ lọ bèèrè ní Noforija bóyá ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ohun tí ẹ fẹ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọjú sí ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde. Ní Ìjagun ni yunifásítì Tai Solarin wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2005, àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ìjọba àpapọ̀ gbà á lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ Ògùn ní 2025.

Ọdún mẹ́ta ni NCE, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti kíláàsì kékeré ní girama ni ó sì yẹ fún. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì àgbà títí dé ìdánwò WAEC nílò oyè yunifásítì, ọdún mẹ́rin. Ẹni tí ó bá ti ní NCE lè gba ọ̀nà Direct Entry wọlé sí ọdún kejì. Ẹni tí ó bá sì ti gba oyè mìíràn tẹ́lẹ̀, PGDE ọdún kan ni ó kù fún un.

Ohun tí ó dùn mí jù ni bí àwọn ènìyàn ṣe sọ ẹ̀kọ́ olùkọ́ di àjẹkù. Wọn kò rí ìmọ̀ òfin gbà, wọn kò rí ìmọ̀ ìṣègùn gbà, wọ́n ní àwọn yóò ṣe tíṣà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ kan ni ẹ ó máa kọ́ ní àkópọ̀ mọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ìbáà ṣe ìṣirò, Yorùbá tàbí bàọ́lọ́jì. Èyí tí ẹ fẹ́ràn ni kí ẹ mú.

Ibi tí ó le jù fún abiyamọ kì í ṣe ìdánwò. Ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ni, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní TP. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ẹ gbọdọ̀ dé ilé-ìwé kí agogo òwúrọ̀ tó lù, ẹ ó kọ ìwé ìgbaradì lálaalẹ́, olùyẹ̀wò láti yunifásítì sì lè yọ sí yín láìròtẹ́lẹ̀ láti fún yín ní máàkì. Ta ni yóò wẹ ọmọ? Ta ni yóò mú un lọ sí ilé-ìwé? Bí ẹ bá ń ta ẹja ní Olúwo, ta ni yóò jókòó ti igbá? Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni kí bàálé yín gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó má baà rò pé ìwé kíkà lásán ni. Bí ìyá ọkọ yín bá lè gba ọmọ, ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ ẹ́ ṣáájú àkókò. Ẹ sì tètè bẹ ẹ̀ka yín kí wọ́n fi yín sí ilé-ìwé tí ó sún mọ́ ilé.

Ní ti owó, láti 2024 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó láìsí èlé lábẹ́ NELFUND. Ọdún méjì lẹ́yìn iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ni sísan rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ fúnra rẹ̀ dẹ́rù bà yín: ẹni tí ó bá ti kọjá ọgbọ̀n ọdún nígbà tí ó gboyè kò ní í ṣe é, ìyàwó ilé sì lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi òun sí ìpínlẹ̀ tí ọkọ òun ń gbé. Lẹ́yìn náà ni ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọ̀ TRCN.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan kù, tí ó ti dá ọ̀pọ̀ ìyàwó dúró. Láti inú NIN ni JAMB ti ń mú orúkọ. Bí ẹ bá ti yí orúkọ NIN yín padà sí ti ọkọ, tí orúkọ bàbá yín sì wà lórí ìwé WAEC, méjèèjì kò ní í bára mu. Ẹ gbé ìwé méjèèjì síta lálẹ́ òní, kí ẹ fi wọ́n wé ara wọn.