Aṣọ Funfun Nìkan Kọ́ Ni Nọ́ọ̀sì

Ọ̀rọ̀ tí a gbé kalẹ̀ lónìí kan àwọn òbí tí ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá, ó sì kan gbogbo ẹni tí a lè gún ní abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ kan, èyí tí í ṣe gbogbo wa pátá.

Bí ènìyàn bá gba títì márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, láti Ìbafò títí dé Mowé, tàbí tí ó bá gba ọ̀nà Abẹ́òkúta títí dé Ifọ̀, yóò rí i pé àwọn ìlú wọ̀nyí kò rí bí wọ́n ti rí tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn tí owó ilé lé kúrò ní Èkó ti kọ́lé síbẹ̀, àwọn ilé ìwòsàn aládàáni kéékèèké sì ti tẹ̀lé wọn. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, kò ṣọ̀wọ́n kí ilé ìwòsàn tí ó ní ibùsùn mẹ́fà péré máa gba ọmọ ìkọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan tí ó ń ta ẹ̀fọ́ ní ọjà ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n kò yege nínú ẹ̀kọ́ físíìsì. Ìyá mú un lọ sí ilé ìwòsàn tí ó wà nítòsí.

"Ẹ jọ̀wọ́ sà, dókítà, ẹ bá mi sọ ọmọ yìí di nọ́ọ̀sì."

"Kò burú, màmá. Ọdún kan ààbọ̀ ni. Ẹ ó san owó ìkọ́ṣẹ́, ẹ ó sì ra aṣọ funfun fún un."

Dókítà kò fi ẹnu purọ́. Síbẹ̀, ohun tí ìyá béèrè àti ohun tí wọ́n tà fún un kì í ṣe nǹkan kan náà.

Ní orílẹ̀-èdè wa, òfin ọdún 1979 tí ó dá Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí sílẹ̀ kò fi orúkọ nọ́ọ̀sì ṣeré. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ yege dáadáa nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí, kẹ́mísírì àti físíìsì. Yóò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí Ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí, irú èyí tí Ìpínlẹ̀ Ògùn ní ní Ìdí-Aba, Abẹ́òkúta. Yóò ṣe ìdánwò Ìgbìmọ̀ náà. A óò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, a óò sì fún un ní ìwé àṣẹ tí ó gbọ́dọ̀ máa sọ dọ̀tun. Ọmọ tí ó kọ́ṣẹ́ ní ọdún kan ààbọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kò sí nínú ìwé yìí rárá. Auxiliary ni a ń pè é. Ìwé tí ọ̀gá rẹ̀ fún un kò lágbára ju ògiri ilé ìwòsàn náà lọ.

Ní Amẹ́ríkà, ìpele kejì wà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Licensed practical nurse ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó bí ọdún kan, ìdánwò tirẹ̀ wà, abẹ́ nọ́ọ̀sì àgbà tàbí dókítà ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2024, ẹni tí ó wà láàárín gbùngbùn wọn ń gba 62,340 dọ́là lọ́dún, nígbà tí nọ́ọ̀sì àgbà ń gba 93,600. Owó kékeré kọ́ ni èyí fún ẹ̀kọ́ ọdún kan, ṣùgbọ́n ìwé auxiliary kò lè gbé ẹnikẹ́ni dé ibi ìdánwò yẹn.

Àbí ìpele kejì kò sí nílé wa ni? Ó wà, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ orúkọ nọ́ọ̀sì. Lẹ́yìn ìpàdé Alma-Ata ní ọdún 1978, pàápàá jùlọ nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ètò ìlera, láti 1985 títí di 1992, ìjọba gbájú mọ́ ìtọ́jú alábọ́ọ́dé, ó sì ń lo àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò tí a mọ̀ sí CHEW. Ọdún mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ wọn. Ti àwọn kékeré wọn jẹ́ ọdún méjì. Òfin ọdún 1992 fún wọn ní ìgbìmọ̀ tiwọn tí ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Wọ́n ní ìwé ìlànà kan tí ó sọ fún wọn, bí àìsàn bá ti rí, ohun tí wọn yóò wò, oògùn tí wọn yóò fúnni, àti ìgbà tí wọn gbọ́dọ̀ gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n ń fúnni ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n ń tọ́jú ibà, wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2014 tún gbà wọ́n láàyè láti fi ohun ìfètòsọ́mọbíbí sí abẹ́ awọ apá obìnrin, bí a bá ti kọ́ wọn.

Nínú gbogbo ohun tí mo ti sọ, ìwé ìlànà yẹn ni ó jọ mí lójú jùlọ. Ẹ wo auxiliary tí ó dá wà lẹ́nu iṣẹ́ ní aago méjì òru. Abiyamọ kan bí, ọmọ ké, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè pa ènìyàn láàárín wákàtí méjì. Òfin kò fún ọmọbìnrin yìí ní àyè iṣẹ́ kankan, nítorí náà kò sí ibi tí àyè rẹ̀ parí sí. Ohun tí ó bá ti rí kí ọ̀gá rẹ̀ ṣe ni yóò ṣe. Bí ó bá ṣe déédéé, ọ̀gá ni yóò gba ìyìn. Bí ó bá bàjẹ́, òun ni ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ béèrè.

Mo mọ̀ pé àwọn onílé ìwòsàn ní ẹjọ́ tiwọn láti rò. Nọ́ọ̀sì tí ó ní ìwé àṣẹ ti wọ́n, ọ̀pọ̀ sì ti gba òkè òkun lọ. Èyí jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n owó tí aláìsàn ń san kì í dínkù nítorí pé auxiliary ni ó gún un ní abẹ́rẹ́.

Ní ti owó oṣù, ní ọdún 2024 ìjọba àpapọ̀ sọ owó oṣù tí ó kéré jù di 70,000 náírà, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì sọ tirẹ̀ di 77,000. CHEW tí ìjọba gbà síṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ gbà kò tó bẹ́ẹ̀, ó sì ní ìpele tí yóò máa gùn. Ṣùgbọ́n òfin owó oṣù ti ọdún 2019 yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 sílẹ̀. Ilé ìwòsàn oníbùsùn mẹ́fà wo ni ó ní òṣìṣẹ́ 25? Ohun tí ọ̀gá bá ti fẹ́ ni yóò san.

Ohun tí ó jọ èyí ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìyá wa rí. Ní ọdún 1943, òfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ìwé orúkọ kejì sílẹ̀ fún àwọn nọ́ọ̀sì olùrànlọ́wọ́, àwọn tí a wá ń pè ní State Enrolled Nurse láti 1961. Ọdún méjì ni ẹ̀kọ́ tiwọn. Ti nọ́ọ̀sì àgbà jẹ́ mẹ́ta. Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin wa lọ kọ́ iṣẹ́ yìí níbẹ̀ láàárín 1950 sí 1970, a ti àwọn kan nínú wọn, àti àwọn ará erékùṣù Caribbean, sí ọ̀nà ọlọ́dún méjì láìṣàlàyé ìyàtọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n parí ni ọ̀pọ̀ tó mọ̀ pé ìwé náà kò níye lórí ní ìta Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn wọ̀nyí tilẹ̀ ní ìwé àṣẹ o.

Àwọn kan yóò ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gba olùtọ́jú arúgbó tí kò ní ìwé nọ́ọ̀sì. Ó gbà wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti oṣù Keje ọdún 2025 ni ó ti ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ àwọn tí ń bọ̀ láti òkè òkun.

Nítorí náà, kí ìyá tó san kọ́bọ̀, kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà pé ìgbìmọ̀ wo ni yóò kọ orúkọ ọmọ òun sílẹ̀. Bí kò bá sí ìdáhùn, kí ó kó owó náà padà sílé, kí ọmọ tún físíìsì ṣe. Ọmọ tí ó sì ti lo ọdún kan ààbọ̀ nídìí auxiliary kò tíì sọnù. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ díẹ̀, Ilé Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ìlera ti Ìpínlẹ̀ Ògùn sì wà ní Ilésè-Ìjẹ̀bú. Láti Mowé, yóò gba Ṣágámù dé Ìjẹ̀bú-Òde, ibẹ̀ kò sì jìnnà mọ́. Kí ó mú ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ girama rẹ̀ dání, kí ó fi ti auxiliary sílé.