Ìrìn Wákàtí Márùn-ún láti Ìlọrin Dé Jẹ́dà

Nígbà tí àwọn arìnrìn-àjò Hájì láti Ìjàgbò, Ọ̀fà àti agbègbè wọn bá wọ ọkọ̀ òfuurufú ní Ìlọrin, ìbéèrè kan ni ó máa ń gba ọkàn àwọn ará ilé: ìgbà wo ni ọkọ̀ yóò balẹ̀? Ó yẹ kí ìdáhùn rẹ̀ yé tọmọdé tàgbà, nítorí pé àìmọ̀ a máa sọ ìdúró di ìbẹ̀rù.

Bí a bá fa okùn tààrà láti Ìlọrin dé Jẹ́dà ní ilẹ̀ Sáúdí Arábíà, gígùn rẹ̀ yóò tó nǹkan bí 4,000 kìlómítà, èyí tí í ṣe nǹkan bí 2,500 máìlì. Ọkọ̀ òfuurufú ńlá a máa sáré ju 800 kìlómítà lọ ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n kì í yá tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó bá ń gòkè tàbí tí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Bí a bá fi 800 pín 4,000, wákàtí márùn-ún ni a ó rí. Ní àtijọ́, àwọn tí wọ́n fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà Bornu àti Súdànì lọ sí Mẹ́kà a máa lo ọ̀pọ̀ oṣù, àní ọdún, lójú ọ̀nà.

Ohun kejì ni ti aago. Aago Sáúdí Arábíà fi wákàtí méjì ṣíwájú ti Nàìjíríà, nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn ni oòrùn ti kọ́kọ́ ń là. Bí ọkọ̀ bá gbéra ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, yóò balẹ̀ nígbà tí aago bá lu ọ̀kan ọ̀sán ní Ìjàgbò. Ṣùgbọ́n aago mẹ́ta ni àwọn èrò yóò bá ní Jẹ́dà. Ẹni tí ó ń lo oògùn ní wákàtí méjìlá-méjìlá kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí. Bí ó bá lo ti òwúrọ̀ ní aago mẹ́fà nílé, aago mẹ́jọ alẹ́ ti Jẹ́dà ni àkókò èyí tí ó kàn. Kí ó bi dókítà rẹ̀ léèrè kí ó tó gbéra.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ náà ni ti òfuurufú. Okùn tààrà yẹn gba òkè ilẹ̀ Ṣáàdì àti Súdànì kọjá. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Súdànì ní oṣù kẹrin ọdún 2023, tí wọ́n sì ti òfuurufú ibẹ̀ pa, àwọn ọkọ̀ Hájì ọdún náà ní láti yí gba ibòmíràn. Ìrìn gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, epo tí ọkọ̀ ń jó pọ̀ sí i, àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú sì béèrè àfikún owó.

Nítorí náà, kí àwọn ará ilé mọ àkókò tí ọkọ̀ gbéra gan-an, kí wọ́n sì béèrè ọ̀nà tí yóò gbà. Kí wọ́n fi àkókò àyẹ̀wò ìwé ìrìnnà àti gbígba ẹrù kún un, kí wọ́n tó máa retí ìpè. Bí ìpè bá pẹ́ díẹ̀, kì í ṣe àmì ewu.