Ẹ̀kọ́ ìmoore fún ọmọdé nínú ilé Kristẹni Yorùbá

Ẹ̀kọ́ ìmoore jẹ́ apá kan ẹ̀kọ́ ilé láàárín àwọn Kristẹni Yorùbá. Nínú àdúrà ìdílé, ọpẹ́ ló máa ń ṣáájú ẹ̀bẹ̀. Nínú ìtàn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá inú Lúùkù 17, ẹnì kan ṣoṣo ló padà wá dúpẹ́, ará Samáríà sì ni. Irú ìpadàwá bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí àṣà Yorùbá: ọmọ tí a fún ní nǹkan á dúpẹ́ lójú ẹsẹ̀, bí ilẹ̀ bá mọ́, á tún kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ pé, “Ẹ ṣeun àná.” Ọpẹ́ kejì yìí ló ṣòro jù fún ọmọdé, nítorí adùn ẹ̀bùn ti lọ, ìrántí nìkan ló kù. Ní ìkórè àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ a máa gbé ọrẹ lọ síwájú pẹpẹ. Bí òbí kò bá ṣàlàyé ìdí rẹ̀ nílé, owó òbí lásán ló gbé.