Ẹni Tí Ó Fẹ́ Ra Ilé Yín Lónìí

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, bí ẹnìkan bá wá bá yín ní Ìjú pé òun gbé owó lọ́wọ́, òun fẹ́ ra ilé yín kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ bi í léèrè ohun tí ń lé e. Láti 2024 ni ọkọ̀ ojú irin ìjọba Èkó ti ń gbé èrò ní Ìjú. Ó mọ̀ pé owó ilé a máa gòkè ní irú ibẹ̀. Kò fẹ́ kí ẹ rí àyè pe ẹni tí yóò díye lé e ni.

Bí ó bá jẹ́ ilé ẹbí, tí olórí ẹbí kò fọwọ́ sí i, òfo ni títà náà. Ìwé ilé ńkọ́? Ẹ̀dà rẹ̀ tó fún un láti fi ṣe ìwádìí ní Alausa. Kí owó pé kí ó tó gba ojúlówó.