Kí Awakọ̀ Òfúrufú Tún Un Sọ: Ọ̀rọ̀ Orí Rédíò ní Parakou

Ní ìgbà ọyẹ́, tí eruku aṣálẹ̀ bá bo ojú sánmà ní ẹkùn Borgou, ẹni tó ń fi bàálù kékeré tirẹ̀ bọ̀ ní Parakou kì í tètè fojú kan ìlú. Ohùn inú rédíò ni ó máa ń kọ́kọ́ pàdé.

Ìgbì tí àwọn awakọ̀ òfúrufú fi ń sọ̀rọ̀, èyí tó wà láàárín 118 sí 137 MHz, tààrà ni ó ń lọ, bí ìmọ́lẹ̀ iná. Kì í tẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Bàálù tó bá wà ní 900 mítà lókè, agbára káká ni ohùn rẹ̀ fi ń dé 120 kìlómítà. Bẹ́ẹ̀ sì ni láti Parakou dé Kútọnu lójú òfúrufú tó nǹkan bí 330. Ẹni tó ń fò nísàlẹ̀ kò lè retí pé Kútọnu yóò gbọ́ òun. Ẹni tó jókòó ti rédíò ní Parakou ni olùrànlọ́wọ́ rẹ̀.

Awakọ̀ yóò pe ibùdó náà lórúkọ, yóò sọ àmì bàálù rẹ̀ (TY ni ti Benin fi ń bẹ̀rẹ̀, 5N ni ti Nàìjíríà), ibi tó wà, bó ṣe ga tó, àti ohun tó fẹ́. Wọn yóò dá a lóhùn pẹ̀lú ojú ọ̀nà tí yóò bà lé, bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́, àti ìwúwo afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ gan-an wà: ó gbọ́dọ̀ tún àwọn ohun tó ṣe kókó sọ padà, nọ́ńbà fún nọ́ńbà. “Ó ti yé mi” kò tó, nítorí ẹni tó wà nílẹ̀ kò lè mọ ohun tó wọ etí ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá ní 1003, tí awakọ̀ gbọ́ 1013, aago ìwọn-gíga rẹ̀ yóò sọ fún un pé ó fi ohun tó lé ní 80 mítà ga ju ibi tó wà lọ. Nínú ọyẹ́, ìyẹn tó láti pa ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ èdè tún wà níbẹ̀. Òfin àgbáyé gba èdè ilẹ̀ náà, ó sì gba Gẹ̀ẹ́sì. Ní Benin, tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àjọ ASECNA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959, Faransé ni ti ilẹ̀. Ṣùgbọ́n Nàìjíríà kò jìnnà sí Parakou, Gẹ̀ẹ́sì sì ni awakọ̀ tó bá ti ibẹ̀ wá yóò sọ. Olùdarí lè gbọ́ méjèèjì. Àwọn awakọ̀ méjì kò ní gbọ́ ara wọn. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ní pápákọ̀ Charles-de-Gaulle ní Paris, Faransé ni wọ́n fi fún bàálù kan láyè láti gbéra, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń bá èkejì sọ. Àwọn méjèèjì kọlu ara wọn lójú ọ̀nà, igbákejì awakọ̀ bàálù kejì sì kú. Ẹni tó bá ń sọ Faransé, tó sì gbọ́ ohùn Gẹ̀ẹ́sì lórí ìgbì kan náà, kò pàdánù ohunkóhun bí ó bá sọ ibi tó wà ní èdè méjèèjì. (Ẹ̀tanú kò sí níbẹ̀: “Mayday” tí gbogbo ayé ń ké nígbà ewu, inú “m’aider” ti Faransé ni wọ́n ti mú un.)

Bí rédíò bá kú pátápátá, awakọ̀ yóò tẹ 7600 sínú ẹ̀rọ àmì rẹ̀, yóò sì máa wo ilé ìṣọ́. Iná aláwọ̀ ewé tí kò ṣẹ́jú: kí ó máa bà. Pupa tí kò ṣẹ́jú: kí ó fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, kí ó sì máa yí po.